Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Adédàpọ̀ Sọ

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún Ọlámipọ̀sí tẹ́lẹ̀ pé ẹnu abẹ́rẹ́ ni yóò ti bá ọkọ pàdé, yóò ní kí onítọ̀hún lọ fi omi tútù bọ́jú. Ṣé abẹ́rẹ́ ṣe é fi wá ọkọ ni? Ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, nítorí àwọn ará Wusasa ti fi kún un, wọ́n ti yọ kúrò nínú rẹ̀, kálukú ló ń sọ tiẹ̀.

Ọmọ Wusasa ní Zaria ni Ọlámipọ̀sí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún méje. Ọkàn ló pa bàbá náà. Ó jẹun àárọ̀ tán, ó ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà, kò tíì ki èkejì bọ̀ ọ́ tó fi ṣubú. Mojí ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló dá tọ́ ọmọ kan ṣoṣo náà dàgbà, kò sì fẹ́ ọkọ mìíràn. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú ilé, òyìnbó ni Ọlámipọ̀sí fi ń kàwé, ṣùgbọ́n Hausa ló fi ń bínú, òun náà ló sì fi ń yọ̀.

Ó kàwé gboyè àkọ́kọ́ tán ní yunifásítì, ó tún padà lọ fún èkejì. Ní ọdún náà ni Dókítà Oyèládé ṣa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ jọ tó fẹ́ kọ́ ní iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ọkàn. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ kan ni, irun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí rẹ̀, kì í pariwo, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń sùn ní kíláàsì rẹ̀.

“Bí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀, kí lẹ máa rí?” ló bi wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. “Ojú ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná. Ara ló ń jà fún yín yẹn, ẹ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n irú ìjà yẹn lè máa lọ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Kò ní dun èèyàn rárá. Iṣan á máa wú díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ ọn, títí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á fi dí lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ tiwa ni ká tètè rí ìjà náà. Bí ara bá ń jà, ẹ̀dọ̀ máa ń da ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀, CRP là ń pè é. Bó bá ti pọ̀ jù, a mọ̀ pé iná ń jó níbì kan.”

Ọlámipọ̀sí tẹ orí ba, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, bàbá rẹ̀ ló sì ń rò.

Òfin iṣẹ́ náà kò kéré. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sí lára ìgò ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ẹni tó ni nọ́ńbà kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, kó gbé e fún ẹlòmíràn. “Ohun tí ẹ bá sì rí nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn,” ni Dókítà Oyèládé wí, “ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ ló ni ín. Kì í ṣe tiyín, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ yín, kì í ṣe ti ìyá yín.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín nígbà tó dárúkọ ìyá. Ọlámipọ̀sí náà rẹ́rìn-ín.

Bomo, abúlé tó wà lẹ́yìn yunifásítì, ni wọ́n ti lọ wá àwọn tí ara wọn le, tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ wọn wé ti àwọn aláìsàn. Wọ́n tẹ́ tábìlì sábẹ́ igi dógóyárò. Othniel, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ Ọlámipọ̀sí, ń gba ẹ̀jẹ̀ lápá kan, Ọlámipọ̀sí ń to abẹ́rẹ́, ó ń tún un tò lápá kejì. Ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó níwájú rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó wọ bàtà oko, eruku pupa bò ó dé orúnkún.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ na apá yín.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà.”

“Èmi kì í ṣe dókítà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí.”

Ọkùnrin náà fa apá rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. “Akẹ́kọ̀ọ́! Ta lẹ ti gún rí?”

“Mo ti gún ọsàn,” ni Ọlámipọ̀sí dá a lóhùn, nítorí kò mọ irọ́ pa. “Mo tún ti gún apá rọ́bà.”

“Ọsàn náà ńkọ́? Ṣé ó yè é?”

Ẹ̀rín pa Othniel débi pé ó ní láti gbé abẹ́rẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ojú ti Ọlámipọ̀sí, ó gún ọkùnrin náà, ẹ̀jẹ̀ kò jáde. “Kai!” ló pariwo. Ó bẹ̀ ẹ́ ní Hausa, ó tún bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá.

“Ẹ fara balẹ̀,” ni ọkùnrin náà wí. “Irúgbìn àgbàdo ni mò ń tọ́jú ní Samaru, àgbàdo kì í sá lọ. Ẹ tún un gún.”

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ̀ jáde wẹ́rẹ́. Inú ọkùnrin náà dùn bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ọlámipọ̀sí fi kọ nọ́ńbà ọkùnrin náà sára ìgò, mẹ́rìndínlógójì ni. Adédàpọ̀ lorúkọ ọkùnrin náà, ó yá ilé ní Bomo, ìyá rẹ̀ sì ń gbé ní àdúgbò Gyellesu. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn lọ sínú fìríìjì yìnyín, nítorí kẹ́míkà tí wọ́n máa fi yẹ̀ ẹ́ wò kò tíì dé láti òkè òkun.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí Dàpọ̀ fi wá a dé yunifásítì pé apá òun wú. Apá kankan kò wú o. Ọlámipọ̀sí yẹ̀ ẹ́ wò lójú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lápá, ó ní, “Ojú yín ló wú, ẹ lọ sùn.” Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti wọ̀. Dàpọ̀ á gbé àgbàdo sísè wá, Ọlámipọ̀sí á ra fúrá oníwàrà, wọ́n á jókòó létí adágún omi Samaru títí oòrùn á fi rọ̀. Ó mọ Yorùbá sọ ju Ọlámipọ̀sí lọ, ó sì máa ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ fún un pé bàbá òun náà ṣubú lójijì, kò sì dìde. Ọlámipọ̀sí sọ ti bàbá tirẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń wo omi.

“Pọ̀sí,” ni Dàpọ̀ wí lọ́jọ́ kan, “mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ.”

“Sọ ọ́ kí fúrá má baà kan.”

“Mo fẹ́ràn ẹ. Mo sì fẹ́ fi ẹ́ ṣaya.”

“To,” ni Ọlámipọ̀sí fọhùn, bí Hausa ṣe ń sọ pé ó dáa.

“To wo nìyẹn? Mò ń dẹnu ìfẹ́ kọ èèyàn, ó ń dá mi lóhùn bí ẹni tó ń ra tòmátì!”

“Bí inú mi bá ti dùn jù, Yorùbá máa ń sá mọ́ mi lẹ́nu,” ni Ọlámipọ̀sí wí, ojú rẹ̀ sì kún fómi. “Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹ. Èmi náà fẹ́ràn ẹ, Dàpọ̀. Mo fẹ́ràn ẹ gan-an.”

Àwọn Yorùbá Zaria kì í fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ṣeré, nítorí ìlú baba wọn jìnnà. Ẹni tó bá wà ní Ìlọrin tàbí Òṣogbo lè bi aládùúgbò léèrè ẹni tí ẹnìkan jẹ́. Ẹni tó wà ní Zaria ní láti rán alárinà. Màmá Iredọlá, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ni alárinà wọn. Kò sí ìyàwó Yorùbá tí wọ́n gbé láti Wusasa títí dé Samaru tí ẹnu rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Dàpọ̀ lọ bá a, màmá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọpinpin ìdílé méjèèjì bó ṣe máa ń ṣe.

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ ń rò pé ẹ̀sìn ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀, nítorí mùsùlùmí ni Àlàájà Simbiat, ìyá Dàpọ̀, ọmọ rẹ̀ sì tẹ̀lé bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Rárá o. Ìyẹn kò tu irun kan lára Mojí. Ohun tó dà á láàmú ni ohun tí Màmá Iredọlá sọ nígbà tó wá jábọ̀.

“Èèyàn dáadáa ni wọ́n,” ni Màmá Iredọlá wí nínú pálọ̀ Mojí. “Wọn kò jalè, wọn kò ṣẹ́ni lápá. Àlàájà náà kì í bá ẹnikẹ́ni jà láàárín àdúgbò. Nǹkan kan ló kù, n kò sì gbọdọ̀ fi pamọ́ fún ẹ, nítorí ìdí tí ẹ fi ń rán mi nìyẹn. Bàbá ọmọ náà kò pé àádọ́ta ọdún tó fi ṣubú. Àbúrò bàbá náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkàn ni wọ́n ní ó pa àwọn méjèèjì.”

Mojí gbé ọwọ́ lé itan. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. N kò bí ọmọ kan ṣoṣo kó wá di opó bíi tèmi.”

Ọlámipọ̀sí jáde láti yàrá, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. “Màmá, bàbá rẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ fẹ́.”

“Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ìwọ tó ò ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó o máa sọ ọ́ fún mi.”

“Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa ń mú ti bàbá.”

“Ta ló máa fi ìyẹn hàn mí?” ni Mojí bi í. “Bí ara ọmọ náà bá dá, kẹ́nìkan fi hàn mí. Bí kò bá sí, jọ̀ọ́, Ọlámipọ̀sí, jẹ́ ká fi í sílẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn, “kẹ́nìkan fi hàn mí,” ni kò jẹ́ kí ọmọbìnrin náà gbádùn. Bó bá ń jẹun, á gbọ́ ọ. Bó bá wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí yunifásítì, á gbọ́ ọ. Ó mọ ibi tí ẹ̀rí wà. Inú yìnyín ló wà.

Ìgbà ọyẹ́ ni kẹ́míkà dé. Wọ́n kó àwọn ìgò jáde, wọ́n pín wọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe tò. Ẹ wo iṣẹ́ ayé! Mẹ́rìndínlógójì bọ́ sọ́wọ́ Ọlámipọ̀sí. Othniel jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe kò ju kó na ọwọ́, kó ní, “Bá mi yẹ èyí wò, mo mọ ẹni tó ni ín.” Kò ní gba àkókò kankan. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé nǹkan rere ló máa rí. Á rí i pé ẹ̀jẹ̀ Dàpọ̀ mọ́ tónítóní, á sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀, wàhálà á tán. Ó di ìgò náà mú, kò gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ẹ̀rọ parí iṣẹ́, CRP tó rí nínú rẹ̀ ga. Ó ga ju ti gbogbo ará Bomo yòókù lọ.

Dókítà Oyèládé ti kọ́ wọn pé àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti dá ẹjọ́. Ó ní eyín tó ń roni lè gbé e sókè, ọ̀fìnkìn lè gbé e sókè, ibà náà lè gbé e sókè. Ó ní bó bá ti ga báyẹn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ọlámipọ̀sí mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í lọ sí kíláàsì. Ó dé ilé, Mojí gbé oúnjẹ fún un, kò fọwọ́ kàn án.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” ni ìyá rẹ̀ bi í. “Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú.”

“Ọlámipọ̀sí, wò mí.”

Ó wo ìyá rẹ̀. Kò tíì mọ bí èèyàn ṣe ń wo obìnrin náà lójú kó sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó bú sẹ́kún, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ìgò, nọ́ńbà, bó ṣe ga tó. Mojí kò bá a wí, kò pariwo. Ó gbá a mọ́ra, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá Màmá Iredọlá, ó ní kó dá ọ̀rọ̀ padà. Màmá Iredọlá ní òun kò lè dá ọ̀rọ̀ padà láìsọ ìdí rẹ̀ fún àwọn tó rán òun. Mojí sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Dàpọ̀ wá bá Ọlámipọ̀sí lẹ́nu ọ̀nà láàbù lọ́sàn-án gangan. Kò wọ bàtà oko lọ́jọ́ náà. Ó wọ ẹ̀wù funfun kan, ojú rẹ̀ sì ti yọ kòtò.

“Ṣé òótọ́ ni?” ló bi í.

“Dàpọ̀, jẹ́ kí n…”

“Mi ò bi ẹ́ bóyá ẹ̀jẹ̀ mi dára. Mo bi ẹ́ bóyá ìwọ lo wò ó, ìwọ lo sì lọ sọ ọ́.”

“Èmi ni.”

Ó mi orí. “Ó dáa. Ìyá mi ló gbọ́ ọ kí n tó gbọ́ ọ. Alárinà ló wá sọ fún un ní Gyellesu, lójú àwọn tó wá kí i, pé ara ọmọ rẹ̀ kò dá. Èmi tí mo ni ẹ̀jẹ̀, n kò mọ nǹkankan. Mò ń tọ́jú àgbàdo.”

“Mo rò pé ohun rere ni mo máa rí, kí n fi tu Màmá mi nínú.”

“Mo mọ̀,” ni Dàpọ̀ wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga rárá. “Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ìfẹ́ lo fi ṣe é. Bí mo bá fẹ́ ẹ, gbogbo ohun tí mo bá sọ fún ẹ lórí ìrọ̀rí, Wusasa á gbọ́ ọ kó tó di ọ̀sán. Ìwọ ni mo na apá mi sí, Pọ̀sí. Kì í ṣe ìyá ẹ.”

Ó yí padà, ó ń lọ.

Ọlámipọ̀sí lọ bá Dókítà Oyèládé fúnra rẹ̀, ó jẹ́wọ́ láìdín kan kù. Ọkùnrin náà tẹ́tí gbọ́ ọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní kan ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ títí ẹ̀kọ́ ọdún náà á fi parí, pé òun sì ní láti sọ fún ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìwádìí. Ó pe Dàpọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ lórúkọ gbogbo wọn, ó ní kó wá ṣe àyẹ̀wò mìíràn bó bá wù ú, pé òun fúnra òun lòun máa gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ọlámipọ̀sí ń fọ àwo, ó ń gbálẹ̀ láàbù, ó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó tọ́ sí i, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń gbàgbé ọkùnrin tó ń bi ni bóyá ọsàn yè é.

Ó bẹ Màmá Iredọlá kó bá òun bẹ àwọn ará Gyellesu. “Haba, Ọlámipọ̀sí!” ni màmá náà wí. “Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń rán mi, wọn kì í rán mi ní ẹ̀bẹ̀. Ẹsẹ̀ tìrẹ ni kó o fi lọ.”

Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Àlàájà Simbiat ń fẹ́ ìrẹsì lórí àwo nígbà tó wọlé. Ó jẹ́ kó kúnlẹ̀ pẹ́ díẹ̀, kó tó ní kó dìde.

“Mo ti sin ọkọ,” ni Àlàájà wí. “Mo mọ ohun tí ìyá ẹ ń sá fún, n kò sì bínú sí i. Ìwọ ni mo bínú sí. Ṣùgbọ́n o wá fúnra ẹ, o kò rán ẹnikẹ́ni. Màá sọ fún un pé o wá. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Ẹ ṣeun, mà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni.”

“Ìyẹn hàn,” ni Àlàájà dáhùn, ó sì gbé omi fún un mu.

Ọyẹ́ lọ, ooru dé, ooru náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Àwọn ará Bomo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè. Ọlámipọ̀sí kò gbúròó Dàpọ̀, kò sì wá a, nítorí ó gbà pé òun kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọjọ́ kan tó ń jáde láti láàbù ló rí i tó dúró lábẹ́ igi, pẹ̀lú bàtà oko rẹ̀.

“Mo ti gbìyànjú láti má fẹ́ ẹ,” ni Dàpọ̀ wí láìkí i. “Kò ṣe é ṣe. Àgbàdo sú mi, oúnjẹ sú mi. Ìyá mi ní kí n yéé ba òun nínú jẹ́, kí n wá bá ẹ.”

“Dàpọ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ṣẹ̀ ẹ́.”

“O ṣẹ̀ mí. Ó sì dùn mí gan-an. Jókòó.” Àwọn méjèèjì jókòó sórí gbòǹgbò igi náà. “Mo ṣe àyẹ̀wò kejì. Dókítà ní kí n tún ṣe ẹ̀kẹta, mo ṣe é. Ó fi èsì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ.”

“O kò ní láti sọ ọ́.”

“Mo mọ̀ pé n kò ní láti sọ ọ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò sì ní ní kó o búra.”

Ó sọ fún un. Ó sọ iye tó jẹ́, ó sọ ohun tí dókítà ní kó máa ṣe, ó sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má bi mí léèrè, èmi náà kò ní sọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé kì í ṣe èyí tí èèyàn ń torí rẹ̀ jó, kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń torí rẹ̀ kọ̀wé ogún. Ọlámipọ̀sí di ọwọ́ rẹ̀ mú títí tó fi sọ ọ́ tán.

“Ṣé o ṣì fẹ́ mi?” ni Dàpọ̀ bi í.

“Mo fẹ́ ẹ,” ló dáhùn, Yorùbá kò sì sá mọ́ ọn lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e ni Dàpọ̀ àti Màmá Iredọlá dé ilé Mojí. Dàpọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mojí ní kó dìde, kó jókòó, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín sí i. Ọlámipọ̀sí jókòó sórí ẹní.

“Mo gbọ́ pé o ti ṣe àyẹ̀wò mìíràn,” ni Mojí wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kí ni wọ́n rí?”

“Ẹ má bínú, mà,” ni Dàpọ̀ wí. “Àwọn èèyàn ti gbọ́ ti àkọ́kọ́ kí n tó gbọ́ ọ. Èyí, n kò fẹ́ kó jáde lẹ́nu mi níbí, kì í ṣe pé mo fojú di yín.”

Mojí yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ṣé ìwọ mọ̀ ọ́n?”

“Mo mọ̀ ọ́n, Màmá.”

“Ó sọ ọ́ fún ẹ fúnra rẹ̀?”

“Òun ló sọ ọ́ fún mi.”

“Sọ ọ́ fún mi nígbà náà.”

Ọlámipọ̀sí gbé ojú sókè, ó wo ìyá rẹ̀. “Mi ò ní sọ, Màmá.”

“Èmi ìyá ẹ?”

“Ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ foríjì mí. Bí ẹ bá tìtorí rẹ̀ lé mi jáde, màá sùn lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ.”

Màmá Iredọlá ń wo ilẹ̀. Dàpọ̀ gbé ọwọ́ bojú. Nígbà tí Mojí tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

“Bàbá ẹ mọ̀,” ló wí. “N kò sọ ọ́ fún ẹ rí. Ó ti lé lọ́dún kan kó tó kú tó ti mọ̀ pé ọkàn òun ní àìsàn. Nọ́ọ̀sì ni mí o! Ó kọjá lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Kaduna kí n má baà rí fáìlì rẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà nínú àpò ìwé níbi iṣẹ́. Ẹ̀yìn ìsìnkú ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá sọ fún mi, ó ní kò fẹ́ kí n máa bẹ̀rù. Mo dáná oníyọ̀ fún un, mo din ẹran fún un, mò ń bá a rẹ́rìn-ín, n kò mọ nǹkankan. Gbogbo èèyàn rò pé ikú rẹ̀ ni n kò lè gbàgbé. Ikú kọ́. Ó pẹ́ tí mo ti fi ikú fún Ọlọ́run. Pé kò sọ fún mi, ìyẹn ni.”

Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó kọjú sí Dàpọ̀. “Gbogbo rẹ̀ lo sọ fún un?”

“Gbogbo rẹ̀, mà. Àti èyí tó ń bà mí lẹ́rù.”

“Bí ó bá yí padà lọ́la ńkọ́? Bí wọ́n bá rí nǹkan mìíràn?”

“Òun ló máa kọ́kọ́ gbọ́.”

Mojí mi orí, ó sì mí kanlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n,” ló sọ fún Màmá Iredọlá, “ẹ lọ sọ fún Àlàájà ní Gyellesu pé kí wọ́n wá tọrọ ọmọ.”

Ọlámipọ̀sí fò mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń dúpẹ́ ní Hausa. Mojí já ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mí, ó sì wọ ilé ìdáná lọ. Nígbà tó padà, abọ́ ọbẹ̀ àti ìrẹsì ló gbé lọ́wọ́. Ó gbé e síwájú Dàpọ̀ fúnra rẹ̀.

“Jẹun, ọmọ mi,” ló wí. “Iyọ̀ tí mo fi sí i kò pọ̀. Kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkankan fún mi o.”